Ọjọ́ Mẹ́rin Ni àbí Ọjọ́ Márùn-ún? Ọjà Ọrún, AI àti Ètò Ìjọba Ìbílẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ti gbọ́ títí ó fi sú wa: "Kí lẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Ẹbí ń bèèrè, awakọ̀ ń bèèrè, àwọn tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yàrá kejì náà ń bèèrè. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìbéèrè náà ti pààrọ̀ aṣọ. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé, "Nígbà tí AI ti lè kọ Yorùbá, kí ló kù tí ẹ̀yin fẹ́ ṣe?" Mo fẹ́ dáhùn lónìí, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọ̀nà ewì tàbí ìtàn àròsọ dáhùn. Ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Mo mọ̀ pé bí ẹ ti gbọ́ "ìjọba ìbílẹ̀" báyìí, oorun ti fẹ́ máa kun àwọn kan nínú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Èkó ní 20, Ògùn ní 20, Oǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 137. Abala keje nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Ó tún ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí yóò dá ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìwé òfin kan náà ló fi ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé ìpẹran sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyá kan tó ń jà nítorí owó ìsọ̀, ọ̀rọ̀ òfin Nàìjíríà ló ń jà lé lórí, bí kò tilẹ̀ mọ nọ́ńbà abala rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má máa bá wọn mú un dání mọ́. Bí ìdájọ́ yẹn ṣe ń rìn sí lójú ayé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan sí iwájú gbogbo káńsù: bí owó bá dé tán, kí lẹ fẹ́ fi ṣe, kí sì nìdí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń pè ní ètò. Ètò sì gba kí ènìyàn jókòó ka nǹkan, kí ó ṣírò nǹkan, kí ó rò ó ní ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sí iwájú. Ibí gan-an ni AI ti wọlé.

Àbúrò màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Mi ò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí, àti pé iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kajú àti òrí ni iṣẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì wọn, kọ̀ǹpútà kan, àti jẹnẹrétọ̀ tí owó epo rẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ètò ọrọ̀ ajé ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá, gbé iṣẹ́ náà fún AI. Ní alẹ́ ọjọ́ kan péré, ojú ìwé 47 ti jáde, ó dán gbinrin, ó ní àtẹ, ó ní ìṣirò, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí alága lè fọwọ́ sí.

Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà náà. Àǹtí mi gbé e fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní, "Ìwọ ló ń kọ́ Yorùbá. Wọ́n ní ká ṣe ẹ̀dà kúkúrú ní Yorùbá tí a ó kà fún àwọn ọlọ́jà. Bá mi wò ó." Ìdí nìyẹn tí mo fi kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ojú ìwé 19, mo rí i pé ọjà tí màmá àgbà ti ń ta èlùbọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí màmá mi wà lára ohun tí ètò náà fẹ́ gbé kúrò níbi tó wà.

Ohun tí ètò náà sọ rèé: ọjà ìlú jẹ́ ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn já sí ìgbà 73 lọ́dún. Ó ní èyí kéré jù, owó tó ń wọlé fún káńsù kò tó, nítorí náà kí wọ́n kọ́ ọjà ìgbàlódé sí ẹ̀bá títì márosẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà ojoojúmọ́. Kí wọ́n yan ọjọ́ Ajé fún ọkọ̀ tí yóò máa kó ìdọ̀tí.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lórí òǹkà, ẹ ti rí ibi tí omi ti wọ ìgbín lẹ́nu. Ọjà wa, ọjà ọrún ni. Àwọn baba wa kì í ka ọjọ́ bí òyìnbó ṣe ń kà á. Wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ajé ni ìkíní, Ìṣẹ́gun ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹrin, Ẹtì ni ìkarùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì la ó tún ná an. Lójú òyìnbó, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín. Bákan náà ni ìtàdógún: ọjọ́ 17 ni lẹ́nu wa, ọjọ́ 16 ni lórí kàlẹ́ńdà. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjà aṣọ òkè ní Ọjẹ́, n'Ìbàdàn, nìyẹn.

Ẹ̀rọ náà rí "ọrún" nínú ìwé kan, ó rí i pé márùn-ún ló wà nídìí rẹ̀, ó pín 365 sí ọ̀nà márùn-ún, ó gba 73. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tó ń ṣírò ni kò tọ̀nà. Bí a bá pín 365 sí ọ̀nà mẹ́rin, ìgbà 91 là ń ná ọjà lọ́dún. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí ọjà kan bá ní ìsọ̀ 400, tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń san ₦200 lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ 18 yẹn já sí ₦1,440,000 lọ́dún. Owó yẹn ń wọ ibì kan. Bí ètò bá sọ pé kò sí, ẹnì kan wà tí yóò dùn mọ́ nínú pé kò sí.

Ti ìdọ̀tí ńkọ́? Bí ẹ bá tẹ̀lé ọjà ọrún láti ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí i pé ó máa lọ báyìí: Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 ló fi ń yí po, ó sì máa ń kan gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ìdọ̀tí tó bá ń wá lọ́jọ́ Ajé nìkan yóò bá ọjà pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ 28, á sì fi ewé iṣu àti èèpo àgbàdo sílẹ̀ kó máa rà lórí ilẹ̀ ní àwọn ọjọ́ yòókù. Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ la nílò. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé ọjà ni, tí yóò máa dé ní ọjọ́ kejì ọjà.

Ọ̀rọ̀ tó tilẹ̀ wà nídìí rẹ̀ ju ìṣirò lọ. Ìlú wa kò dá ná ọjà. Ìlú mẹ́rin ló pín ọjọ́ mẹ́rin mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sí èyí tó gun orí èkejì. Hodder, òyìnbó onímọ̀ jọ́gíráfì, kọ̀wé lórí irú ètò ọjà báyìí nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń rìn ín. Alájàpá tó ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa lónìí yóò ra ẹ̀wà ní ìlú kejì lọ́la. Bí ìlú kan bá sọ ọjà tirẹ̀ di ojoojúmọ́, ó ti fa okùn kan yọ nínú ẹní. Bóyá ẹní yóò di mú, bóyá yóò tú. Ètò olójú ìwé 47 kò bèèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì pa mí lẹ́rìn-ín kí ó tó dùn mí. Nínú ètò náà, wọ́n ya abala kan sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn opó, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìwádìí lọ́jà fi hàn pé àìsí ọkọ jẹ́ ìṣòro ńlá láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà. Mo bi Àǹtí mi pé ìwádìí wo nìyẹn. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lóòótọ́, wọ́n tẹ ìdáhùn wọn sínú fóònù, ni wọ́n bá gbé e fún AI kó tú u. A wá ìwé náà jáde. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni "oko o si". Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Ó lè jẹ́ oko tí à ń ro. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Ó lè jẹ́ ọkọ tí ń bẹ nílé. Ẹ̀rọ yan èyí tó wù ú. Ọkọ̀ ni àwọn ìyá ń sọ. "Ọkọ̀ ò sí." Wọ́n ní bí ọjà bá tú lálẹ́, kò sí mọ́tò tí yóò gbé wọn padà sí abúlé, ọlọ́kadà a sì máa gba ohun tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ibùdókọ̀ ni, ohun tí òfin fi sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an, òun ló di ọ̀rọ̀ opó. Ní kíláàsì, bí olùkọ́ wa bá yọ máàkì nítorí àmì ohùn, a máa ń ráhùn. Níbí, àmì méjì péré ló yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú ètò ìjọba.

Ẹ̀rọ náà tún da gbogbo ọlọ́jà pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, "oníṣòwò kékeré". Lẹ́nu wa, alájàpá kì í ṣe aláròóbọ̀. Alájàpá ló ń rìn láti ìlú dé ìlú, ọ̀nà ló ń dà á láàmú. Aláròóbọ̀ ń rà lọ́wọ́ alájàpá, ó ń tà á ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, owó ìsọ̀ ló ń dà á láàmú. Alátẹ kò ní ìsọ̀ rárá, òjò ni ọ̀tá tirẹ̀. Ẹni tó ń kiri kò jókòó, bẹ́ẹ̀ ni alábàárù ń fi orí rẹ̀ jẹun. Ẹ kò lè fi oògùn kan wo gbogbo wọn. Àwọn orúkọ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ èdè. Ìwádìí ọrọ̀ ajé ni wọ́n, tí àwọn tó ṣáájú wa ti ṣe, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀.

Ó tún ku nǹkan kan. Ètò náà gbà á nímọ̀ràn pé kí àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí máa kó o lọ sókè òkun bẹ́ẹ̀, láì fọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí bẹ́ẹ̀ jáde fún oṣù mẹ́fà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀, kí wọ́n lè máa fún òrí náà nílé. Ohun tí ẹ̀rọ kà kò tíì dé ibẹ̀. Ó sì sọ iye ènìyàn ìlú wa láì ṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà kò tíì ka ènìyàn láti ọdún 2006. Nígbà tí Àǹtí mi bi í pé níbo ló ti rí i, ó dárúkọ ìwé kan tí a wá títí, tí a kò rí.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú AI. Rárá o. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣe dáadáa pẹ̀lú. Nígbà tí a tún ọ̀rọ̀ náà kọ fún un pẹ̀lú àmì, tí a ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ọrún, ó ya kàlẹ́ńdà ọjà ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún odidi ọdún kan kí n tó mu omi tán. Káńsù kò ní irú rẹ̀ rí. Mo mú un lọ fún màmá àgbà, mo ń ka ọjọ́ fún wọn. Wọ́n ń fi ìka ka ti wọn lọ lábẹ́ aṣọ, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí a dé oṣù Kẹta, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, Mà." Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ̀rọ?" Mo ní, "Àwa náà ni, Mà." Wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Ó tún ràn wá lọ́wọ́ láti to àkọsílẹ̀ ìpàdé tó ti wà ní fáìlì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó fi hàn pé ìpàdé méje ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ afárá kan ṣoṣo. Ó bi wá ní ìbéèrè tó dára: ta ni yóò máa tún ọjà ìgbàlódé ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, owó wo ni wọn ó sì fi ṣe é? Èmi ò ronú kan ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kí káńsù má fọwọ́ kan AI kò ṣe wá lóore. Ọ́fíìsì tí ènìyàn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ nílò olùrànlọ́wọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé olùrànlọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀gá, kì í sì í ṣe ará ìlú.

Àǹtí mi gbé àwọn ìbéèrè tó kù lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, mo sì tẹ̀ lé wọn. "Ẹ kú ọjà o, Ìyálọ́jà. Ajé á wọgbá o." "Àṣẹ, ẹ̀yin ọmọ káńsù. Kí lẹ tún fẹ́ gbà?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé gbogbo wọn yóò fẹnu kò sí i pé kí ọjà má kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ò kúrò níbi tí àwọn ìyá wọn ti tà. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan tó ń ta tòmátì dìde, ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ìyá wa. Èlùbọ́ kì í bàjẹ́. Tòmátì tèmi kì í dúró dọ́jọ́ kẹrin. Ọjà ojoojúmọ́ ló dára fún èmi." Ẹnu wọ́n kan pẹ́rẹ́. Ìyálọ́jà ní ohun tó sọ ò burú. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, wọ́n ní kí wọ́n fi ọjà ọrún sílẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n wá ṣe ibi kékeré kan sí ẹ̀bá títì fún àwọn tí ọjà wọn ń tètè bàjẹ́, kí wọ́n sì ṣètò ọkọ̀ alẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Àbá yẹn kò sí nínú ojú ìwé 47 yẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ gọ̀. Kò sí ní ọjà lọ́jọ́ náà ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ ká fojú sí ni orúkọ àwọn ènìyàn. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì fẹ́ gbé ìwé tí orúkọ ọlọ́jà, nọ́ńbà fóònù wọn àti iye tí wọ́n ń dá lájọ wà nínú rẹ̀ fún AI kó bá wọn tò ó. Àǹtí mi ní ó tì. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Yàtọ̀ sí òfin, àṣírí alájọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sílé ẹni tí a kò mọ̀. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun fún un.

Kí ló fà á tí ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí fi ṣi ọjọ́ ọjà kà? Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan tí a bá fi wé Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní àmì. Ohun tí màmá àgbà mọ̀ nípa èlùbọ́ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àwọn kan ń gbìyànjú. Ẹgbẹ́ Masakhane ti ń kó àwọn olùwádìí jọ lórí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, mínísítà Bosun Tijani kéde pé Nàìjíríà yóò kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn èdè tiwa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, bí àwa tí a mọ èdè náà kò bá kọ nǹkan sílẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ìdáhùn mi rèé. Mo fẹ́ wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò owó ìlú. Mo fẹ́ kí ìdáhùn àwọn ọlọ́jà wọlé pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí alájàpá àti aláròóbọ̀ ní ìlà tiwọn nínú àtẹ, kí ẹ̀dà Yorùbá ètò náà sì ṣáájú ti Gẹ̀ẹ́sì jáde, kí àwọn tó ni ọjà lè tako ó kí ó tó di òfin. Ẹ̀rọ kò lè jẹ́jọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. A kò lè ránṣẹ́ pè é sí ààfin. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni a ó pè, ó sì yẹ kí ẹni yẹn ti gbọ́ ohun tí ọlọ́jà sọ gan-an.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ètò tuntun náà wà níwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, wọn ò tíì dá a láre, wọn ò tíì dá a lẹ́bi. Kó tó di pé wọ́n ṣe tán, mo ní iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin tó ń ka èyí. Bí ẹ bá délé fún ìsinmi, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà yín pé ọjà ìlú yín, ọrún ni, ìsán ni, àbí ìtàdógún? Ìlú wo ló ń ná tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ra nǹkan láti oko wá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbàgbé àmì. Ajé á wọgbá o.